Ẹ̀yìn Àgọ́: Ìtàn Àwọn Tó Ni Àbàtà Okavango

Òkun ni odò tó pọ̀ jù lọ máa ń wá lọ. Okavango kò wá òkun lọ ní tirẹ̀. Orí òkè ilẹ̀ Angola ló ti ń ṣàn bọ̀, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní Cubango. Ó gba ìlà ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ní Namibia kọjá, ó wọ Botswana ní Mohembo, ó sì tẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀ lórí iyanrìn Kalahari bí ẹni tẹ́ ẹní, ó parí síbẹ̀. Nínú gbogbo omi tó ń wọlé lọ́dọọdún, nǹkan bí ìdá 2 nínú 100 péré ló ń rí ọ̀nà jáde. Oòrùn ló ń fa ìyókù, òun àti igi àti koríko. Ohun tó tún yani lẹ́nu ni àsìkò tí omi náà ń dé. Òjò tó rọ̀ ní Angola ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ kì í dé ìlú Maun ní ìsàlẹ̀ àbàtà títí di oṣù Òkúdù tàbí Agẹmọ, nígbà tí òjò ti dá ní Botswana tí ilẹ̀ sì ti gbẹ táútáú. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ìkún omi tiwọn. Ìdí nìyí tí erin, ẹfọ̀n àti kìnnìún fi ń rọ́ lọ síbẹ̀, ìdí nìyí náà tí àwọn olówó ayé fi ń tẹ̀ lé wọn lọ. Lọ́dún 2014, UNESCO fi àbàtà yìí sínú àkọsílẹ̀ ohun àjogúnbá àgbáyé. Òun ni ibi tó jẹ́ kí àkọsílẹ̀ náà pé 1,000 gẹ́lẹ́.

Mo sùn níbẹ̀ fún alẹ́ mẹ́ta ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2023. Kì í ṣe pé mo lówó. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Gaborone láti ọjọ́ pípẹ́, àwọn tó ń gbé ní Botswana sì máa ń rí ẹ̀dínwó gbà ní àsìkò òjò, nígbà tí àlejò òkèèrè kò pọ̀. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, alẹ́ kan ṣoṣo fún ẹnì kan ní irú ibẹ̀ lè ju 1,000 dọ́là lọ. Ẹ̀gbọ́n mi san tiwa, ó ní kí n má ṣe bi òun ní iye tó jẹ́, èmi náà kò sì bi í.

Àgọ́ ni wọ́n pè é, àgọ́ sì ni lóòótọ́, nítorí aṣọ títípọn ni ògiri rẹ̀ àti òrùlé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ pákó dídán, ibùsùn rẹ̀ tóbi ju yàrá tí mo gbé nígbà tí mo wà ní yunifásítì lọ, omi gbígbóná ń dà nígbàkigbà, agbada ìwẹ̀ onírin kan sì wà níta tí ènìyàn lè jókòó sí kí ó máa wo àwọn erinmi. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, a kò gbọdọ̀ dá rìn. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wá mú wa pẹ̀lú iná ọwọ́, torí pé erin ń gba àárín àwọn àgọ́ kọjá bí ẹni tó mọ̀ pé òun ló ni ilé. Lórí tábìlì ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ni mo ti rí ìwé pélébé kan tó kí wa káàbọ̀ sí ilẹ̀ tí ọwọ́ ènìyàn kò kàn rí.

Gbólóhùn yìí ni mo fẹ́ bá jà nínú àròkọ yìí. Ọwọ́ ènìyàn ti kan ibẹ̀ o! Kò sí ohun tí ojú mi rí láàárín ọjọ́ mẹ́ta yẹn, bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹfọ̀n títí dé orí àgọ́ náà fúnra rẹ̀, tí kò ní ìtàn ènìyàn nínú.

Ẹ jẹ́ kí n mú àgọ́ ṣáájú, torí ìtàn tirẹ̀ kò gùn. Ọ̀rọ̀ Swahili ni safari, ìrìn àjò ni ó túmọ̀ sí, ọ̀dọ̀ àwọn Lárúbáwá ni àwọn Swahili sì ti rí i. Àwọn ọdẹ aláwọ̀ funfun ní ìlà oòrùn Áfíríkà ló sọ ọ́ di orúkọ fàájì. Lọ́dún 1909, Theodore Roosevelt, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní ipò ààrẹ Amẹ́ríkà, lọ ṣọdẹ ní Kenya pẹ̀lú Kermit ọmọ rẹ̀. Alárù tó ju 200 lọ ló tẹ̀ lé wọn nínú igbó, wọ́n ru àgọ́, iyọ̀ tí wọ́n fi ń tọ́jú awọ ẹran, àti odindi àpótí ìwé tí ààrẹ àná yóò máa kà lábẹ́ igi. Láti ìgbà náà ni àgọ́ ti di àmì ọlá: ẹni tó sùn nínú àgọ́ ni ẹni tí àwọn mìíràn ru ilé rẹ̀ lórí. Nígbà tí òmìnira ń kan ilẹ̀kùn ní Kenya ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, àwọn ilé iṣẹ́ ọdẹ ibẹ̀ wá ibòmíràn lọ. Ker, Downey & Selby wà lára àwọn tó wá sí Okavango. Wọ́n kó àgọ́ wọn dání. Nígbà tó yá, kámẹ́rà gba ipò ìbọn lọ́wọ́ àwọn àlejò, ṣùgbọ́n àgọ́ kò kúrò. Ìdí mìíràn tún wà tí wọn kò fi kọ́ ilé bíríkì. Ilé iṣẹ́ tó gbà wá lálejò kọ́ ló ni ilẹ̀. Ó háyà rẹ̀ fún ìwọ̀n ọdún díẹ̀ ni, ohun tó bá sì gbé kalẹ̀ síbẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó ṣeé tú palẹ̀. Lọ́dún 1990 ni ìjọba Botswana kọ ọ́ sínú ìlànà ìrìn àjò afẹ́ rẹ̀ pé àlejò díẹ̀ tó ń san owó ńlá ni òun ń fẹ́. Ìlànà yẹn ló bí agbada ìwẹ̀ onírin tó wà níta.

Bí ilé iṣẹ́ kò bá ni ilẹ̀, ta ló ni ín? Afinimọ̀nà wa ló bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí fún mi, kì í sì í ṣe pé mo bi í. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ la ń sọ. Ó gbé wa sínú mokoro, ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n máa ń fi ọ̀pá gígùn tì láàárín esùsú, mo sì sọ pé ọkọ̀ náà kò jọ igi. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní rọ́bà líle ni wọ́n ń lò báyìí kí igi lè sinmi, ṣùgbọ́n igi ni bàbá òun máa ń gbẹ́. Nígbà tó fi igi náà hàn mí létí omi pẹ̀lú èso gbọọrọ tó rọ̀ sílẹ̀ lára rẹ̀, mo mọ̀ ọ́n: pàǹdòrò ni, irú èyí tó wà lẹ́yìn ilé ìyá ìyá mi.

“Rra,” ó wí fún mi, bí wọ́n ti ń pe ọkùnrin tí wọ́n bọ̀wọ̀ fún ní Setswana, “àwọn èèyàn wa ló gbé mokoro wọ inú omi yìí.”

MoYei ni ọkùnrin yìí. Láti apá àríwá ni àwọn BaYei ti gba ojú odò wá sí àbàtà ní bí ọ̀rúndún kejìdínlógún, pẹ̀lú ọkọ̀ wọn, àwọ̀n wọn àti ọ̀kọ̀ tí wọ́n fi ń pa erinmi. Wọ́n bá àwọn kan níbẹ̀, àwọn tí wọ́n ń pè ní Banoka, èyí tó túmọ̀ sí ará odò. Bugakhwe jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, wọ́n sì ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò lè kà. Lẹ́yìn náà ni àwọn BaTawana dé, àwọn tó ya kúrò lára BaNgwato ní òpin ọ̀rúndún kejìdínlógún kan náà. Ẹlẹ́ran ọ̀sìn ni wọ́n, wọ́n ní ọba, wọ́n sì mọ ogun. Wọ́n gba ilẹ̀, wọ́n sì sọ ọ̀pọ̀ BaYei àti Banoka di ìránṣẹ́ tó ń da màlúù fún wọn láìgba owó. Afinimọ̀nà wa kò fi ohùn gíga sọ apá yìí. Ó kàn sọ ọ́, ó sì tún ọ̀pá rẹ̀ tì.

Orúkọ ọba àwọn BaTawana ló dá mi dúró. Moremi. Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó ń ka èyí, ẹ ó mọ ohun tó sọ sí mi lọ́kàn. Kò sí ìbátan kankan láàárín orúkọ méjèèjì, ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni, a kò sì gbọdọ̀ fi irú rẹ̀ kọ́ ilé ìtàn. Síbẹ̀, ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà ayé Moremi Kejì. Lọ́dún 1884, àwọn jagunjagun Ndebele ti ọba Lobengula wá gbógun ti àwọn BaTawana. Àwọn BaTawana kò dúró lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Àwọn àti BaYei jọ pawọ́ pọ̀, wọ́n tan àwọn ọmọ ogun náà wọ inú esùsú ní ibi tí wọ́n ń pè ní Khutiyabasadi, níbi tí omi ti jìn. Ọmọ ilẹ̀ gbígbẹ ni Ndebele, wọn kò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Ìbọn àwọn BaTawana ń dún níwájú wọn, BaYei sì wà lórí mokoro pẹ̀lú ọ̀kọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn kò padà sílé. Nígbà tí mo gbọ́ ọ, Mọremí Ilé-Ifẹ̀ ni mo rántí, àti àwọn akónilẹ́rù tó fi ìko àti koríko bora títí ẹnì kan fi rí àṣírí wọn. Nínú ìtàn méjèèjì, koríko ló pinnu ibi tí ogun já sí. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ fiyè sí i pé lọ́dún 1884 ìránṣẹ́ ló gba ọ̀gá là, wọn kò sì torí ẹ̀ dá a sílẹ̀.

Ẹ̀yà mìíràn tó ti wá ṣáájú ogun yẹn ni àwọn tó ń ra eyín erin. David Livingstone àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dé adágún Ngami, ní gúúsù àbàtà, ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Ògún ọdún 1849. Kò pẹ́ tí ìròyìn náà fi tàn tí àwọn oníṣòwò fi ń tọ ipasẹ̀ rẹ̀ bọ̀ pẹ̀lú ìbọn. Erin sá wọ inú àbàtà lọ. Ohun tó dáàbò bo ìyókù kì í ṣe òfin, eṣinṣin ni.

Eṣinṣin tsetse ni mo ń sọ, èyí tó ń fún ènìyàn ní àrùn oorun tó sì ń pa màlúù. Níbi tó bá wà, ẹran ọ̀sìn kò lè gbé, àgbẹ̀ sì máa ń jìnnà síbẹ̀. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn rinderpest dé ní 1896, ó pa màlúù, ó pa ẹfọ̀n, eṣinṣin sì pàdánù ohun tó ń mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó fà sẹ́yìn. Nígbà tí ẹran padà pọ̀, eṣinṣin náà padà, ó sì ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn darandaran díẹ̀díẹ̀. Kí ni ìjọba amúnisìn ṣe? Láti àwọn ọdún 1940, wọ́n rán ọdẹ wọ igbó láti máa yìnbọn pa ẹran ìgbẹ́ kí eṣinṣin má bàa rí ẹ̀jẹ̀ mu. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹran ni wọ́n pa. Ilẹ̀ tí ọwọ́ ènìyàn kò kàn rí!

Lórí ìpakúpa yìí àti ti àwọn ọdẹ àlejò ni obìnrin kan fi dìde. Moremi Kẹta kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ní 1946, Elizabeth Pulane Moremi, opó rẹ̀, sì di adelé ọba títí ọmọ wọn fi gorí oyè ní 1964. Lábẹ́ rẹ̀ ni àwọn BaTawana fi jókòó ní kgotla, ojúde ìpàdé ìlú, tí wọ́n sì pinnu pé àwọn yóò ya apá kan nínú ilẹ̀ àwọn sọ́tọ̀ fún ẹran ìgbẹ́. Oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1963 ni wọ́n dá ibi ìpamọ́ Moremi sílẹ̀. Botswana kò tíì gba òmìnira nígbà náà, 1966 ni wọ́n gbà á. Ìlú ló yọ ilẹ̀ ara rẹ̀ sílẹ̀ láìjẹ́ pé gómìnà òyìnbó kan ló pa á láṣẹ. Ní àwọn ọdún 1970 ni wọ́n fi Chief's Island kún un, erékùṣù tó jẹ́ pápá ọdẹ ọba tẹ́lẹ̀. Èmi kò mọ irú ọ̀wọ̀ tí a lè fún obìnrin yìí tí yóò pọ̀ jù.

Ṣùgbọ́n ìtàn kò gba kí n dákẹ́ níbẹ̀. Àwọn Bugakhwe ń gbé inú ilẹ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ náà. Wọ́n kó wọn kúrò. Wọ́n sọdá sí òdìkejì odò Khwai, níbi tí abúlé wọn wà títí dòní. Ìlú tó yọ̀ǹda ilẹ̀ kọ́ ló fi ilé sílẹ̀. Àwọn tó fi ilé sílẹ̀ kò ní àga ní kgotla. Tí a bá sọ pé Pulane Moremi ṣe ohun ńlá, a kò purọ́. Tí a bá sọ pé ẹlòmíràn ló san owó rẹ̀, a kò purọ́ pẹ̀lú. Òní tí mo ń kọ èyí, Khwai ní ẹgbẹ́ tirẹ̀ tó ń bójú tó igbó, ó sì ń rí owó nínú àlejò. Ó dára. Ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn rí owó orí ilẹ̀, ọ̀tọ̀ ni kí ó sùn sórí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ màlúù ló kù, òun ló sì ká mi lára jù. Láti Maun, ọkọ̀ òfurufú kékeré ló gbé wa dé àgọ́, mo sì rí ìlà gbọọrọ kan lórí ilẹ̀ bí ẹni fi rúlà fà á. Ọgbà wáyà ni, àwọn ará ibẹ̀ ń pè é ní ọgbà ẹfọ̀n. Láti 1982 ló ti wà níbẹ̀. Ẹfọ̀n máa ń gbé àrùn ẹnu-àti-pátákò kiri, Botswana sì ń ta ẹran màlúù fún àwọn ará Yúróòpù, tí kì í gba ẹran láti ibi tí àrùn náà wà. Nítorí náà ni wọ́n fi ya ẹfọ̀n sọ́wọ́ kan, màlúù sọ́wọ́ kejì. Láti òkè, ọ̀nà tí mo fi mọ ibi tí “igbó” ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: wáyà ló sọ fún mi.

Ọgbà náà kò lè dá gbogbo àrùn dúró. Lọ́dún 1995, àrùn ẹ̀dọ̀fóró màlúù wọ agbègbè Ngamiland, níbi tí àbàtà wà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìjọba pa gbogbo màlúù agbègbè náà, nǹkan bí 320,000. Ẹ tún nọ́mbà yẹn kà. Mo bi afinimọ̀nà wa bóyá ó rántí. Ó ní bàbá òun ní màlúù 34, orúkọ wọn sì wà lórí òun di òní. Ó ka mẹ́rin tàbí márùn-ún fún mi. Ìjọba san owó gbà-má-bínú, ó tún fún àwọn kan ní màlúù mìíràn, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ kò padà sí ìdí ẹran mọ́. Òun fúnra rẹ̀ kẹ́kọ̀ọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó kọ́ orúkọ ẹyẹ, ó sì wá ń fi àgbá-ń-wò han àwọn àlejò. Ẹ̀gbọ́n mi bi í bóyá iṣẹ́ yìí tẹ́ ẹ lọ́rùn.

“Mma, iṣẹ́ dáadáa ni,” ó ní. “Màlúù sì dáa.”

Ní 2001 àti 2002, ọkọ̀ òfurufú fọ́n oògùn sórí àbàtà, eṣinṣin tsetse sì tán níbẹ̀. Ọdún 2001 kan náà ni ilé ẹjọ́ gíga Botswana sọ, nínú ẹjọ́ tí àwọn BaYei pè, pé òfin oyè jíjẹ tó fi wọ́n sábẹ́ àwọn ẹ̀yà mìíràn kò bá ìdọ́gba mu. Ẹ̀ṣọ́ tó gbé ìbọn láti 1884 kò sí mọ́: eṣinṣin ti lọ, ogun ti tán. Tí igbó náà bá ṣì wà ní ìgbó, a jẹ́ pé ìpinnu àwọn ènìyàn nìkan ló ń mú un dúró báyìí.

Irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ kan wáyé ṣáájú ìyẹn, òun ni kò jẹ́ kí n gba ìwé pélébé náà gbọ́. Ní òpin àwọn ọdún 1980, ìjọba gbèrò láti fi ẹ̀rọ gbẹ́ ìsàlẹ̀ odò Boro kí omi lè yára jáde nínú àbàtà. Wọ́n fẹ́ kó o jọ sínú ìdídò fún ìlú Maun, fún oko, àti fún ibi tí wọ́n ti ń wa dáyámọ́ńdì ní Orapa. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1991, wọ́n pe ìpàdé ní kgotla Maun láti ṣàlàyé iṣẹ́ náà. Àwọn aráàlú kò wá gbọ́ àlàyé. Wọ́n jókòó fún wákàtí púpọ̀, wọ́n ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń kọ̀ ọ́. Ìjọba dá iṣẹ́ dúró, ó ní kí ẹgbẹ́ IUCN yẹ̀ ẹ́ wò, nígbà tó sì di 1992 ó pa á tì.

Ọmọ ọdún méjìlá ni afinimọ̀nà wa nígbà náà, ẹ̀yìn ọgbà igi kgotla ló dúró sí pẹ̀lú àwọn ọmọdé yòókù. Ó ní ìyá òun wà lára àwọn tó dìde. Kì í ṣe obìnrin tó máa ń sọ̀rọ̀ láàárín èrò. Ìbéèrè kan ló bi àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Ó ní bí omi bá lọ, níbo ni òun yóò ti máa wu tswii? Gbòǹgbò òṣíbàtà tí wọ́n ń sè pọ̀ mọ́ ẹran ni tswii. Ẹnì kan nínú àwọn tó wá láti Gaborone béèrè lọ́wọ́ ẹni tó jókòó tì í pé kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, gbogbo kgotla sì bú sẹ́rìn-ín.